Ráútà plunge: kí ló ń mú bíìtì jìn sí i fúnra rẹ̀ lórí ìrókò?

Onílẹ̀kùn_Odógúnyàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá onípákó. Ráútà plunge tókúnbọ̀ kan (ẹ̀rọ tí a ń tẹ̀ wálẹ̀, tí bíìtì tó ń yí nínú rẹ̀ ń gé igi) ló wà lọ́wọ́ mi ní Ìkòròdú níbí. 1600 watt ni, ẹnu rẹ̀ tí bíìtì ń wọ̀ jẹ́ 1/2 ínǹṣì, 110 volt ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ilẹ̀kùn ìrókò ni mo fẹ́ fi máa ṣe: gúrúùfù (ojú ọ̀nà tóóró) tí páńẹ́ẹ̀lì máa wọ̀, ibi tí híńjìsì máa jókòó sí, àti ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́tíìsì (èyí tí àpótí rẹ̀ ń wọ inú igi).

Tí mo bá fi sí 6 mm, gúrúùfù á bẹ̀rẹ̀ ní 6 lóòótọ́, àmọ́ kó tó dé òpin pákó ó ti di 9. Inú gúrúùfù ń dúdú, òórùn jíjóná ń jáde. Tí mo bá gbé e sí etí pákó, ó máa ń fẹ́ já gbà lọ́wọ́ mi. Bíìtì tuntun ni o, èyí tó gún gbọọrọ, 12 mm, ọjà Chínà. Tiransifọ́mà 1000 watt ló ń gbé e, tí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA wà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fa gbogbo èyí? Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìka mi má baà bá a lọ?

Ọ̀gá_Férémù (Ẹ̀pẹ́)

Àbúrò, gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná. Bíìtì tó ń yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká ṣì máa wò ó. Tó bá yọ tán, ọta ìbọn ni.

Ohun méjì ló lè fà á, kò sì pẹ́ láti mọ èyí tó jẹ́. Yọ plọ́ọ̀gì. Mú máákà, fa ìlà tín-ín-rín yí ọrùn bíìtì po níbi tó ti wọ inú nọ́ọ̀tì tó ń fún un mú gan-an. Gé gúrúùfù bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sára àjákù pákó, tún yọ plọ́ọ̀gì, kí o wá wo ìlà náà. Tó bá ti jìnnà sí nọ́ọ̀tì, bíìtì ló ń yọ. Tí ìlà kò bá kúrò níbi tó wà, tí gúrúùfù sì jìn ju bó ṣe yẹ lọ, lífà tó ń ti ẹ̀rọ mọ́ òpó méjèèjì tó ń bá lọ sókè sódò ni kò mú. Lífà yẹn rọrùn: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bóòtì kan ló wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń fún le díẹ̀, kí lífà lè ti mú pinpin kó tó dé òpin ìrìn rẹ̀.

Àmọ́ bíìtì ni mo fura sí jù. Ẹnu ẹ̀rọ rẹ jẹ́ 1/2 ínǹṣì. O wá ní bíìtì jẹ́ 12 mm. Ṣé ibi tó ń gé igi ni 12 yẹn, àbí ọrùn rẹ̀? 1/2 ínǹṣì jẹ́ 12.7 mm. Ọrùn 12 mm á wọlé, nọ́ọ̀tì á sì le lọ́wọ́ rẹ bíi pé ó ti mú, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀tì (òrùka irin tó là, tó ń di ọrùn bíìtì mú) kò lè fún un yíká, ibi díẹ̀ ló kàn ń fara kàn án. Bó bá ti ń gbọ̀n, á máa rìn jáde díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni 6 mm àti 1/4 ínǹṣì, nítorí 6.35 mm ni 1/4. Kálípà, ohun ìwọ̀n tó ń gbá nǹkan mú, ni kí o fi wọ̀n ọ́n, ojú lásán kò lè rí i.

Tí ọrùn bá bá ẹnu mu, a lè wá tò ó:

Yọ kọ́lẹ́ẹ̀tì jáde, fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu inú rẹ̀ àti inú ẹnu ẹ̀rọ. Òróró kankan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n fi pa bíìtì tuntun lára kó má baà dípẹtà. Kọ́lẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há sínú nọ́ọ̀tì, wàá gbọ́ tó máa ró “kẹ́ṣẹ́”, kó tó di pé o dá nọ́ọ̀tì padà sórí ẹ̀rọ. Ti bíìtì wọlé títí á fi kan ìdí, kí o wá fà á padà bíi 2 sí 3 mm. Má fi sílẹ̀ níbi tó ti kan ìdí: bí nọ́ọ̀tì ṣe ń le, ńṣe ló ń fa kọ́lẹ́ẹ̀tì àti bíìtì wọ inú díẹ̀, tí kò bá wá sí àyè tó máa wọ̀ sí, kò ní mú. Má sì fà á jáde jù nítorí pé o fẹ́ kó gùn, ó kéré tán 20 mm ọrùn gbọ́dọ̀ wà nínú. Ibi tí ọrùn ti ń fẹ̀ lọ sí ibi tó ń gé kò gbọdọ̀ wọ inú kọ́lẹ́ẹ̀tì rárá.

Sípánà ni kí o fi fún un, má dúró lórí rẹ̀ o. Tí o bá ń tú u, nọ́ọ̀tì á kọ́kọ́ dẹ̀, á wá tún le lẹ́ẹ̀kan sí i kí bíìtì tó jáde. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kó lè fa kọ́lẹ́ẹ̀tì jáde. Má sì fún nọ́ọ̀tì le nígbà tí bíìtì kò sí nínú rẹ̀, ẹnu kọ́lẹ́ẹ̀tì á pa dé, kò sì ní rí bó ṣe rí mọ́. Níwọ̀n bó ti jẹ́ tókúnbọ̀, bí o bá rí ojú àpá tàbí ibi tó ń dán nínú kọ́lẹ́ẹ̀tì náà, ra òmíràn. Owó kọ́lẹ́ẹ̀tì kò tó owó ilé ìwòsàn.

Ìjìnlẹ̀ ló kàn. Gbé ẹ̀rọ ka orí pákó tó tẹ́jú, plọ́ọ̀gì ṣì wà níta. Tú lífà, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí orí bíìtì á fi kan pákó, kí o ti lífà. Òdo rẹ nìyẹn. Nísàlẹ̀, wàá rí àtẹ̀gùn kékeré tó ń yí, ó sábà máa ń ní ìtẹ́lẹ̀ mẹ́ta. Yí èyí tó rẹlẹ̀ jù sábẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n, sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ kó kàn án, kí o wá gbé ọ̀pá sókè ní iye tí o fẹ́ kó jìn, kí o dè é. Má gbẹ́kẹ̀ lé rúlà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí o fẹ́ kó jókòó síbẹ̀ gan-an ni kí o fi wọ̀n ọ́n: tó bá jẹ́ híńjìsì, ki ewé híńjìsì kan sáàárín ọ̀pá àti àtẹ̀gùn, kí o dè é bẹ́ẹ̀. Ibi tó máa gé á bá ewé yẹn mu gẹ́lẹ́, bó jẹ́ 2.5 mm ni o, bó jẹ́ 3 ni o.

Àwọn ìtẹ́lẹ̀ tó ga ni ti ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, nítorí a kì í gé e lẹ́ẹ̀kan. Òfin tí ọ̀pọ̀ ń lò ni ìdajì fífẹ̀ bíìtì, ìyẹn 6 mm fún bíìtì 12. Lórí ìrókò, pẹ̀lú iná tiwa yìí, mi ò ní gbà kó kọjá 3 sí 4 mm nígbà kan. Gúrúùfù páńẹ́ẹ̀lì tó jìn tó 12 mm, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́tíìsì, má retí pé ráútà nìkan á ṣe é tán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ plunge kì í lọ wálẹ̀ ju 50 sí 65 mm lọ, àpótí kọ́kọ́rọ́ sì sábà máa ń jìn jù bẹ́ẹ̀. Fi ráútà ṣe ẹnu ihò kó gún régé, fi dírílì gbẹ́ èyí tó kù, kí o fi ṣíṣẹ́lì tẹ́ ẹ.

Wáyà_àti_Mọ́tò

Ọ̀gá ti sọ ti ẹnu ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná.

1600 watt ní 110 volt ń fa ampere bíi 14.5. Tiransifọ́mà 1000 watt kò lè gbé e. Ó lè tan án lóòótọ́, torí náà ni àwọn èèyàn fi ń rò pé ó ń gbé e, ṣùgbọ́n bí bíìtì bá ti wọ igi, volt á wálẹ̀, mọ́tò á falẹ̀, ẹ̀yin náà á máa tì í díẹ̀díẹ̀, igi á sì jó. Díẹ̀ lára dúdú tí ẹ ń rí yẹn, tiransifọ́mà ló ń ṣe é. Ẹ lo 3000. Ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà lọ́jà máa ń ju kọ́pà inú rẹ̀ lọ nígbà míì. Tí ara tiransifọ́mà bá gbóná débi pé ẹ ò lè gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, kò tó.

Wáyà àfikún (extension), apá 220 ni kí ó ti gùn, kì í ṣe apá 110. Iná tó ń gba inú wáyà ní 220 kò ju ìdajì lọ, nítorí náà kò ní sọnù púpọ̀. Wáyà 2.5 mm ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára róòlù kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, torí wáyà tó ká jọ máa ń gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́.

Ẹ má gé plọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà yẹn kí ẹ fi ti 13 ampere sí i. Lọ́jọ́ kan ọmọ iṣẹ́ kan á kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 220 tààrà, ó parí nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA á gbé e tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ẹ yí sípíìdì sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ súíìṣì, kí ẹ wá gbé e sókè tó bá ti ń yí. Ẹ yọ ìdérí káábọ̀n méjèèjì (àwọn tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò) kí ẹ wò wọ́n, tí wọ́n bá ti kúrú tó 6 mm, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Èyí ṣe kókó jù: bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń gé, tí súíìṣì yín sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń há síbẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ kí ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ tó lọ tan jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá dé tí súíìṣì ṣì há, ráútà á fò kúrò lórí tábìlì pẹ̀lú bíìtì tó ń yí.

Igi_Líle_Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ń já gbà lọ́wọ́ yín, apá ibi tí ẹ ń tì í lọ ni kò dáa. Bí ẹ bá wo ráútà láti òkè, bíìtì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ gbọ́dọ̀ máa tì í kọjú sí ibi tí eyín rẹ̀ ń ti bọ̀. Ẹ dojú kọ etí tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ̀rọ jókòó lórí pákó níwájú yín: láti òsì lọ sí ọ̀tún. Tí ẹ bá ń yí ìta pákó po, ẹ lọ lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tí ẹ bá wà nínú férémù, ẹ lọ bí ọwọ́ aago. Tí ẹ bá yí i padà, eyín á gun orí igi, á wá máa sáré bí kẹ̀kẹ́, ìyẹn ló ń já gbà.

Fún gúrúùfù, ẹ ń tì í lọ síwájú kúrò lára yín, ẹ̀rọ á sì máa fẹ́ yà sí òsì. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pákó gígùn kan lẹ fi kíláǹpù dè láti tọ́ ọ sọ́nà, òsì ẹ̀rọ ni kí pákó náà wà. Tó bá jẹ́ gáìdì tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ̀rọ, tó ń gbá etí pákó mú, ọ̀tún ni kí gáìdì wà. Lọ́nà méjèèjì, yíyà rẹ̀ ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó ń tọ́ ọ. Ẹ gbé e sí òdìkejì, gúrúùfù á ṣe wọ́gọwọ̀gọ.

Àwọn kan máa ń gé e lódì ní ìgbà ìkẹyìn, bí ìdajì mm péré, kí etí tí ojú igi rẹ̀ ti dàrú má baà ya. Ó ń ṣiṣẹ́ tí bíìtì bá kéré tí pákó sì dè gírígírí.

Ẹ wá wo jíjóná. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú, ẹfun tó dì sáàárín igi, ojú kì í sì í rí i kí bíìtì tó bá a pàdé. Bíìtì tí wọn ò fi kábáìdì (èròjà tó le ju irin lọ) sí lẹ́nu kò lè dúró níwájú rẹ̀, kíá ló ń kú. Ẹ fi èékánná kan ẹnu bíìtì yín jẹ́ẹ́jẹ́, tí plọ́ọ̀gì bá ti wà níta: tí ẹ bá rí ibi tó já, ẹ gbé e sọnù tàbí kí ẹ gbé e lọ pọ́n. Oje igi tó dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Bíìtì tó ní bíárìn (òrùka kékeré tó ń yí lára rẹ̀), ẹ yọ bíárìn náà kí ẹ tó rì í. Kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa, torí kẹrosíìnì lọ́rùn bíìtì náà ń mú un yọ.

Tí bíìtì bá mú tó ṣì ń jó igi, ẹ wo ọwọ́ yín. Ẹ ò gbọdọ̀ dúró sójú kan. Ìró mọ́tò ló máa sọ: tó bá ń han gooro bíi pé kò rí nǹkan gé, ẹ yára díẹ̀, tó bá ń kérora, ẹ falẹ̀ tàbí kí ẹ dín ìjìnlẹ̀ kù. Inú gúrúùfù tó jìn, lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń dì síbẹ̀, bíìtì á wá máa lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ooru ńlá nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbá a jáde kí ẹ tó tún sọ bíìtì kalẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo bíìtì gígùn ló lè gún igi láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ yí orí rẹ̀ sókè, tí kò bá sí eyín tó ń gé láàárín orí náà, ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn lọ, kí ẹ má gún un lójú kan.

Sípíìdì ń lọ pẹ̀lú fífẹ̀ bíìtì. Tí kò bá ju 25 mm lọ, ẹ lè wà ní bíi 22,000 sí 24,000 ìyípo níṣẹ̀ẹ́jú kan. Láti 25 sí 50 mm, bíi 18,000. Láti 50 sí 65, 16,000. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, 12,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, orí tábìlì ráútà sì ni ibi tirẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Bí ìyípo tó pọ̀ jù lọ bá wà lára bíìtì fúnra rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nọ́ńbà 1 sí 6 tó wà lára ẹ̀rọ kì í ṣe ìyípo, ìwé ẹ̀rọ ló máa sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gé etí pákó yíká, ẹ kọ́kọ́ gé orí méjèèjì níbi tí ojú igi ti là, kí ẹ tó gé ẹ̀gbẹ́ gígùn. Ibi tó bá ya ní igun, ẹ̀gbẹ́ gígùn á gé e kúrò.

Fún híńjìsì, ẹ ṣe àwòṣe láti ara páláíwúùdù 12 mm, kí ẹ lo òrùka gáìdì tó ń wọ ìdí ẹ̀rọ. Ìṣirò rẹ̀: fífẹ̀ òrùka, yọ fífẹ̀ bíìtì, pín in sí méjì. Òrùka 30, bíìtì 12, ó ku 18, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 9 mm. Tí ewé híńjìsì bá gùn tó 100 mm, tó sì wọ igi ní 30, ẹ ṣí àwòṣe yín ní 118 gígùn àti 39 wọlé láti etí. Ẹ má ṣe fi 18 kún ìkejì o, apá kan ló ní ògiri. Orí pákó fúnra rẹ̀, gba inú àwòṣe, ni kí ẹ ti mú òdo ìjìnlẹ̀, kì í ṣe orí àwòṣe. Igun á rí roboto, ṣíṣẹ́lì ló máa jẹ́ kó mú.

Ní etíkun wa níbí, àti lọ́dọ̀ yín náà tó sún mọ́ ọ̀sà, òpó méjèèjì máa ń dípẹtà, ẹ̀rọ á sì máa há nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi aṣọ tó ní òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ nù wọ́n, kí ẹ sì nù ú gbẹ. Ẹ má fi gírísì, gbogbo lẹ́búlẹ́bú ló máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gá_Férémù (Ẹ̀pẹ́)

Gbogbo rẹ̀ ni mo fara mọ́, àfi ti gígé lódì yẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ráútà 1600 watt, kó má dán an wò rárá. Tí etí bá fẹ́ ya, kó pọ́n bíìtì, kó dín in kù sí 1 mm, ó tó.

Àbúrò, nípa ìka rẹ. Pákó gbọ́dọ̀ ní kíláǹpù méjì, kìí ṣe ọ̀kan, torí ọ̀kan á jẹ́ kó yí. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí ẹ̀rọ. Tan án nígbà tí bíìtì kò tíì kan igi, jẹ́ kó yí dé ojú rẹ̀, kí o tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tí o bá gé tán, tú lífà kí bíìtì gòkè kúrò nínú igi, pa súíìṣì, kí o dì í mú títí bíìtì á fi dúró pátápátá. Wáyà gba èjìká rẹ lọ sẹ́yìn. Apá aṣọ tó fẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ìbọ̀wọ́ tó tóbi, kò sí èyí tó yẹ kó sún mọ́ bíìtì. Awò ojú, ohun ìdíwọ́ etí, àti ìbòmú tòótọ́, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́mú. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń yún ara àti imú, ti igi mansóníà sì burú jù ú lọ.

Onílẹ̀kùn_Odógúnyàn

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti fi kálípà wọ̀n ọ́n: ọrùn rẹ̀ jẹ́ 12.0 lóòótọ́. Ìlà máákà náà sì ti jìnnà sí nọ́ọ̀tì. Ṣé mo lè gé agolo mílíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ wé e lọ́rùn kó fi kún? Àbí kí n ra bùṣì tó ń wọ inú kọ́lẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀gá_Férémù (Ẹ̀pẹ́)

Agolo kọ́. Ibi tí etí agolo ti pàdé á ga ju ibòmíì lọ, bíìtì kò ní dúró láàárín, á máa gbọ̀n, gúrúùfù 12 á sì di 13. Téèpù náà kọ́, ooru á yọ́ ọ.

Bùṣì dáa tí àyè bá wà fún un: láti 1/2 ínǹṣì sí 8 mm tàbí sí 1/4, irin rẹ̀ nípọn tó. Ti 12 mm nínú 12.7, irin rẹ̀ kò ní tó 0.4 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mi ò ní fi ọkàn tán an. Ọ̀nà méjì ló kù. Tí wọ́n bá ń ta kọ́lẹ́ẹ̀tì 12 mm tí a ṣe fún irú ẹ̀rọ rẹ gan-an, rà á, kí o máa lo àwọn bíìtì tó o ti ní. Tí kò bá sí, ra bíìtì tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 1/2 ínǹṣì. Mú kálípà dání lọ sọ́jà, kí o wọn ọrùn kí o tó sanwó: 12.7 ni kó kà. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé “ìdajì ínǹṣì ni” fún méjèèjì.

Wáyà_àti_Mọ́tò

Kí ẹ sì ra tiransifọ́mà yẹn kí ẹ tó ra bíìtì tuntun, àbí iná á tún pa ìyẹn náà.